Irinṣẹ́ Wo Lẹ Lè Fi Gé Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́ Yín Kúrú Nílé?

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí lóríṣiríṣi ọ̀nà: "Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi ti gbòòrò jù. Ṣé kí n gbé e lọ bá wẹ́dà kó fi gíráńdà gé e ni, àbí mo lè gé e fúnra mi?" Ẹ lè gé e fúnra yín, kò sì ní ná yín lówó tó pọ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ṣe fún gígun òkè, tuntun àti tòkunbọ̀, ọwọ́ wọn sábà máa ń fẹ̀ tó 740 sí 800 mìlímítà. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré nínú igbó. Àmọ́ tó bá jẹ́ àárín dáńfó méjì lẹ ń gbà kọjá ní Ojúẹlẹ́gba, tàbí tẹ́ ẹ ń ti kẹ̀kẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró wọlé lálaalẹ́, ọwọ́ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ á máa ha ògiri, á máa kọ́ dígí mọ́tò, èjìká yín á sì máa ro yín.

Ibi tí wọ́n ti ń yan irinṣẹ́ ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é

Irinṣẹ́ tó dáa fún irin lè ba kábọ́nù jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ wá òòfà kan, èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ náà tó, kẹ́ ẹ gbé e lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìdérí tó wà létí rẹ̀, kẹ́ ẹ yọjú wo inú ihò.

- Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, irin ni. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú ló sábà máa ń ní i.
- Bí òòfà ò bá lẹ̀, tí inú ihò sì ń dán bí inú ìkòkò tuntun, alumíníọ̀mù ni. Òun ló wọ́pọ̀ jù.
- Bí òòfà ò bá lẹ̀, tí inú ihò dúdú, tẹ́ ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ gbá a tó dún pọ́-pọ́-pọ́ bíi pákó, kábọ́nù ni.

Ẹ má wo ọ̀dà ìta. Ọ̀pọ̀ alumíníọ̀mù ni wọ́n ti kùn ní dúdú tẹ́ ẹ máa pè ní kábọ́nù.

Ẹ má gé e rárá bí:

- ó bá ti là, tó tẹ̀, tàbí tó ti wọ́ látàrí ìṣubú. Ẹ jù ú nù, kẹ́ ẹ ra òmíràn. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó bá kán lórí eré lè gba ẹ̀mí èèyàn.
- ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí wọ́n má gé e, tàbí tí àmì ibi tí gígé gbọ́dọ̀ parí sí bá ti sún mọ́ etí báyìí.
- ó bá jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́, èyí tó tẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń gùn ún, tó sì jẹ́ pé ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń fa bíréèkì. Tẹ́ ẹ bá gé e, ibi tẹ́ ẹ máa dì mú lẹ gé kúrò yẹn. Fífẹ̀ rẹ̀ ò ní dín kù tó bẹ́ẹ̀.
- ó bá ká sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, bíi ti kẹ̀kẹ́ eré ìje. Gígé kọ́ ni wọ́n fi ń dín fífẹ̀ irú ìyẹn kù. Ṣe lẹ máa ra èyí tó kéré sí i.

## Irinṣẹ́ tó wà, àti èyí tí mo máa mú

### Háksọ́ọ̀

Òun ni ayùn irin tó wà lọ́wọ́ gbogbo wẹ́dà àti púlọ́ńbà. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé ẹyọ irinṣẹ́ kan ṣoṣo wo ni kẹ́ ẹ rà, òun ni. Ó gé irin, ó gé alumíníọ̀mù, tẹ́ ẹ bá sì pààrọ̀ bíléèdì rẹ̀, ó gé kábọ́nù.

Bíléèdì yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ mójú tó. Wọ́n máa ń tẹ iye eyín tó wà nínú íǹṣì kan sára rẹ̀: 18, 24 tàbí 32. Ara ọwọ́ kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù sábà máa ń nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 2 létí. Lórí bíléèdì eléyín 18, àlàfo eyín kan sí èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà kan àtààbọ̀. Lórí ti 32, kò pé mìlímítà kan. Eyín méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà lórí irin nígbà kan náà. Bí wọn ò bá tó méjì, ara irin á máa já sáàárín eyín, ayùn á máa kọ́, á máa fò, eyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ẹ ra 32. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, 24 ṣì lè ṣe é. Ẹ fi 18 sílẹ̀ fún àwọn tó ń gé ọ̀pá irin kíki.

Tẹ́ ẹ bá kàn dé ìsọ̀ irinṣẹ́ tẹ́ ẹ ní "ẹ fún mi ní bíléèdì háksọ́ọ̀", èyí tó bá sún mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n máa na sí yín. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ra méjì, torí ọ̀kan lè kán.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dè é, eyín gbọ́dọ̀ kọjú síwájú, kó kẹ̀yìn sí ibi tẹ́ ẹ ti dì í mú. Ẹ dè é le dáadáa. Bíléèdì tó bá rọ̀ kì í gé tààrà.

### Páìpù kọ́tà

Èyí ni irinṣẹ́ tó ń rọ̀gbà yí páìpù ká, tó ní táyà kékeré kan tó mú bí abẹ. Àwọn púlọ́ńbà ní i, àwọn tó ń tún fíríìjì àti eésì ṣe náà ní i, torí wọ́n fi ń gé páìpù bàbà. Bí ẹ bá mọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ yá a fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé gígé rẹ̀ máa ń gún fúnra rẹ̀, kò sì ní ìyẹ̀fun irin. Ihò àti ara etí ọ̀pọ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lápapọ̀ fẹ̀ tó 22.2 mìlímítà láti ẹ̀gbẹ́ ìta kan sí èkejì, nítorí náà ẹ wo bí kọ́tà náà ṣe ń ṣí tó. Èyí tí wọ́n kọ 3–28 tàbí 3–30 sí lára á gbà á. Àwọn kéékèèké tó parí sí 16 ò lè gbà á.

Àléébù rẹ̀ méjì ni mo mọ̀. Ó máa ń ti etí irin wọnú, tí ihò á fi kéré, ìdérí ò sì ní wọlé àyàfi tẹ́ ẹ bá fáìlì inú rẹ̀. Ó tún máa ń gbé ìkangun tín-ín-rín kan sókè níta, èyí tí kì í jẹ́ kí rọ́bà ọwọ́ wọlé. Ẹ máa fáìlì ìyẹn náà.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ó fún kábọ́nù láé. Ńṣe ló ń fún páìpù pọ̀ kó tó gé e, kábọ́nù á sì fọ́ sínú níbi tójú ò ti lè rí i.

### Gíráńdà

Mo mọ̀ pé òun ló yá jù, mo sì mọ̀ pé òun lọ̀pọ̀ yín ti ní lọ́kàn. Mo rọ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ dín kù, wẹ́dà kan ládùúgbò wa ni mo gbé e fún. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi parí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí mo délé tí mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, apá òsì fi nǹkan bíi mìlímítà 8 kúrú ju apá ọ̀tún lọ, gígé náà ò gún, rọ́bà bíréèkì tó wà nítòsí ti yọ́. Bí mo ṣe ń ti rọ́bà ọwọ́ wọlé, ẹ̀gún irin tó kù létí rẹ̀ la àtàǹpàkò mi. Wẹ́dà yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò bá iṣẹ́ mu.

Alumíníọ̀mù rọ̀, ó sì máa ń dí ojú dísìkì gíráńdà. Dísìkì tó bá ti dí á gbóná, ó sì lè fọ́ dà sójú èèyàn. Ní ti kábọ́nù, eruku tí gíráńdà ń tú sáfẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ fà símú.

### Fún kábọ́nù nìkan

Ẹ ra bíléèdì háksọ́ọ̀ tí kò léyín rárá, èyí tí wọ́n lẹ iyanrìn líle mọ́ létí, tí wọ́n kọ carbide sí lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà máa rí i láìṣe wàhálà. Nílé, àwọn tó ń ta irinṣẹ́ gígé táìsì máa ń ní i. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, bíléèdì eléyín 32 tó jẹ́ tuntun ṣì lè ṣe é. Èyí tẹ́ ẹ ti fi gé irin tẹ́lẹ̀ ò dáa mọ́, torí á máa ya okùn kábọ́nù.

### Atọ́nà ayùn: má fò ó

Ojú kì í tó láti gé páìpù tààrà. Àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lókè òkun ní irin kan tí wọ́n ń ki ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bọ̀, tí ayùn á máa gba ojú àlàfo rẹ̀. Ó dáa, àmọ́ ó wọ́n fún ẹni tó fẹ́ gé ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ohun tí mo ń lò ni kílíìpù hóòsì méjì, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń de hóòsì omi mọ́tò. Ẹ ra èyí tó lè fún dé mìlímítà 22. Ẹ de ọ̀kan sí ọ̀tún ìlà tẹ́ ẹ fà, ẹ de èkejì sí òsì rẹ̀, kẹ́ ẹ fi àlàfo tí bíléèdì nìkan lè gbà sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹ yí orí bóòtù wọn síbi tí ayùn ò ní kọ́ lára wọn. Ayùn á máa rìn láàárín wọn bí omi ṣe ń gba gọ́tà, kò ní rí ibi yà sí.

Ohun tó yẹ kó wà níwájú yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀:

- Háksọ́ọ̀ àti bíléèdì eléyín 32 méjì, tàbí páìpù kọ́tà
- Kílíìpù hóòsì méjì àti sikurudíráfà
- Fáìlì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pẹlẹbẹ, tí èkejì rí roboto
- Sáńpépà
- Téèpù ìwọ̀n, bírò tàbí máákà, àti bébà kan
- Téèpù tí àwọn akunlé ń lò
- Álẹ́ń kíì tó bá bóòtù bíréèkì àti jíà mu
- Sípírítì ilé oògùn
- Awò tó bo ojú. Fún kábọ́nù, ìbòmú N95 àti ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú
- Ìdérí etí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ méjì

## Mélòó ni kẹ́ ẹ gé?

Ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè nílẹ̀. Ibi tí ọwọ́ yín bá wà tí ara fi rọ̀ yín jù, kí ẹnì kan wọ̀n ọ́n láti etí ọwọ́ kan sí èkejì. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn. Ẹ wá tú bóòtù bíréèkì, jíà àti rọ́bà ọwọ́, kẹ́ ẹ sún gbogbo wọn wọnú ní mìlímítà 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí ṣeé ṣe tí rọ́bà yín bá jẹ́ èyí tó ní bóòtù tí etí rẹ̀ sì ṣí. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tún sún un.

Ẹ rí i pé ibi tó gún gbọnrangandan lára ọwọ́ náà á ṣẹ́ kù tó fún rọ́bà, bíréèkì àti jíà. Ọ̀pọ̀ rọ́bà gùn tó 130 mìlímítà. Ẹ wọn ti yín.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: bí tiyín bá jẹ́ 780 tẹ́ ẹ sì fẹ́ 720, mìlímítà 60 lẹ máa yọ, ìyẹn 30 lápá ọ̀tún, 30 lápá òsì. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ gé 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ná. Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ lè tún gé. Èyí tó ti bọ́ sílẹ̀ ò ní padà lẹ̀ mọ́ ọn.

## Bẹ́ ẹ ṣe máa gé e

1. Ẹ fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ lára kẹ̀kẹ́. Kò sí fáìsì tó máa dì í mú tó bí ibi tó ti wà yẹn. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, kí ẹnì kan bá yín di táyà iwájú mú. Ẹ fi aṣọ tàbí ọ̀rá bo bíréèkì àti ibi tí ọwọ́ ti wọ ọrùn kẹ̀kẹ́, kí ìyẹ̀fun irin má bọ́ síbẹ̀.

2. Ẹ yọ rọ́bà ọwọ́. Èyí tó ní bóòtù, ẹ tú u. Èyí tí kò ní, ẹ ki igi tín-ín-rín tí kò lẹ́nu bọ abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ da omi ọṣẹ sí i, kẹ́ ẹ máa lọ́ ọ títí yóò fi yọ. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e bí ẹ bá ṣì fẹ́ lò ó.

3. Ẹ sún bíréèkì àti jíà wọnú. Kò sídìí fún yíyọ wáyà wọn.

4. Ẹ sàmì. Ẹ fi téèpù akunlé yí ibẹ̀ ká, kẹ́ ẹ wọn láti etí wá sínú, kẹ́ ẹ sì tún wọn láti ara ibi tí ọrùn kẹ̀kẹ́ ti di ọwọ́ mú wá sí àmì náà. Tí ìwọ̀n ọ̀tún àti òsì ò bá dọ́gba níbi kejì yìí, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yín ò sí láàárín gan-an. Ẹ kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe.

5. Ẹ fa ìlà yí i ká. Ẹ fi bébà tí etí rẹ̀ gún wé ọwọ́ náà lórí àmì. Nígbà tí etí bébà bá pàdé ara wọn rẹ́gírẹ́gí, ẹ fi bírò tọ etí rẹ̀ yípo.

6. Ẹ de kílíìpù méjèèjì, kí àlàfo wọn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìta ìlà. Ayùn náà máa jẹ nǹkan bíi mìlímítà kan. Kó jẹ ẹ́ lára èyí tẹ́ ẹ máa jù nù.

7. Ẹ gé e. Ẹ fà á gùn, kẹ́ ẹ má kánjú, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń lọ síwájú nìkan. Fún alumíníọ̀mù, ẹ fi àbẹ́là pa bíléèdì lára kí eyín rẹ̀ má dí. Tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ẹ máa gbọ́ tí ohùn ayùn á yí padà, tó máa fẹ́lẹ́. Ẹ dẹwọ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kejì gbé èyí tó fẹ́ bọ́ ró, kó má ya ara irin lọ.

   *Bó bá jẹ́ páìpù kọ́tà:* ẹ fún un títí táyà rẹ̀ á fi kan irin, ẹ yí i po lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ fún un díẹ̀ sí i, ẹ tún yí i. Ẹni tó bá fún un jù lẹ́ẹ̀kan náà máa ba etí rẹ̀ jẹ́.

   *Bó bá jẹ́ kábọ́nù:* ẹ wọ ìbòmú, ẹ máa wọ́n omi síbẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gé e. Ẹ gé e dé ààbọ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sódì kejì kẹ́ ẹ gé e pàdé, kí okùn ìsàlẹ̀ má ya. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku rẹ̀. Ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má gbá a nílẹ̀ gbígbẹ.

8. Ẹ fáìlì etí rẹ̀, nínú àti níta. Ẹ̀gbẹ́ roboto fáìlì ni ti inú. Ẹ fi èékánná yí i ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tó bá kọ́ èékánná, ẹ padà síbẹ̀. Sáńpépà ló máa kẹ́yìn. Fún kábọ́nù, sáńpépà wẹ́wẹ́ tó tutù nìkan ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì máa fà á láti ìta sí inú.

9. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kejì, kẹ́ ẹ wá kó ègé méjèèjì tó bọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ojú á sọ fún yín bóyá wọ́n dọ́gba.

10. Ẹ dá gbogbo nǹkan padà. Ẹ fi sípírítì díẹ̀ sínú rọ́bà kó lè yọ̀ wọlé. Á gbẹ, rọ́bà á sì dì. Ẹ má fi òróró, fasilíìnì tàbí kẹrosíìnì sí i, torí rọ́bà á máa yí lọ́wọ́ yín lórí eré. Bóòtù, ẹ fún un dé ibi tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀, nọ́ńbà bíi 5 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún bóòtù) lẹ máa rí.

## Ìdérí etí ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni àwọn ọmọdé. Bí ọmọ bá ṣubú lu etí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ṣí sílẹ̀, páìpù yẹn á wọ ikùn rẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi ń gé ìpápánu. Ó lè má sí ọgbẹ́ tó hàn níta, kí ẹ̀dọ̀ tàbí ìfun sì ti fara gbọgbẹ́ nínú. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ tí ọmọ ń sọ pé inú ń dun òun, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ má gùn ún jáde láìní ìdérí. Bí ti tẹ́lẹ̀ bá ti sọnù, ẹ mú ìdérí kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ títí á fi fún dáadáa nínú ihò, kẹ́ ẹ sì fi òòlù gbá a wọlé. Tẹ́ ẹ bá lè fi ọwọ́ lásán fà á yọ, kò tíì fún tó.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí

- Gígé ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n tó wọn èkejì. Ẹ sàmì sí méjèèjì kẹ́ ẹ tó gbé ayùn.
- Rọ́bà tí bóòtù rẹ̀ wà létí ìta. Irú rẹ̀ nílò ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lábẹ́ rẹ̀ títí dé òpin. Tó bá jẹ́ òfìfo ló wà níbẹ̀, òrùka tí bóòtù náà ń fún lè fọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fún un.
- Gígé kúrú jù nítorí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Bí ọwọ́ bá ṣe ń kúrú sí i, bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ á máa yára yí, pàápàá nínú kòtò àti lórí iyanrìn. Ẹ lọ díẹ̀díẹ̀.

## Tí gígé ò bá wù yín

Sísún bíréèkì àti rọ́bà wọnú nìkan ti tó fún àwọn kan, bí ìdérí bá wà létí. Ẹlòmíì á rí i pé bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣe jìnnà sí òun ló ń ro òun léjìká. Irin ọrùn tó kúrú sí i ló nílò. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀: wọ́n sábà máa ń ní ọwọ́ àtijọ́ tó wà ní 600 sí 680 mìlímítà tí ẹnikẹ́ni ò rà. Ẹ kàn rí i pé àárín rẹ̀ bá ọrùn kẹ̀kẹ́ yín mu, 25.4 àti 31.8 mìlímítà ló wọ́pọ̀, ọ̀kan ò sì ṣeé fi rọ́pò èkejì.

Lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́, ẹ dúró níwájú kẹ̀kẹ́, ẹ fi orúnkún méjèèjì di táyà mú, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti yí bíréèkì àti rọ́bà. Èyí tó bá yí, ẹ tún un fún.